Ta Ni Ọmọ Yìí Ń Pè?

Ọmọ náà pe ṣíbí ní bàbá.

Ó pe kẹ́tùlù ní bàbá, ó pe bàtà ìyá rẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì ní bàbá, ó wá gbójú sókè sí fáànù tó ń yí, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ẹni tó rí ará ilé tó ti àjò dé. "Ba-ba! Ba-ba-ba!"

"Mo ń gbọ́ o, ọ̀gá mi!" Ohùn ọkùnrin kan ló dáhùn láti abẹ́ síǹkì, níbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Olóòtú gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó rọra gbé e kalẹ̀ ni o, torí obìnrin tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni, kò sì ní torí inú bíbí fọ́ ife.

"Ta ló pè ọ́?"

Káfíńtà yọ orí síta. Ìyẹ̀fun pákó ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Ọmọ ni, Mà."

"Fáànù ló ń pè. Kó tó pe fáànù, kẹ́tùlù ló pè."

"Ìgbà tí fáànù ò dáhùn ni mo bá a dá a lóhùn, Mà." Ó tún ki orí bọ abẹ́ síǹkì.

Olóòtú mí kanlẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n pe ọkùnrin yìí wá tún ṣe. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán wá ń bímọ: bó bá tún ilẹ̀kùn ṣe tán, ẹsẹ̀ tábìlì á yẹ̀, bó bá to ẹsẹ̀ tábìlì, fèrèsé á kọ̀, kò ní tì. Kí Olóòtú tó fura, Káfíńtà ti mọ ibi tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí, ó ti mọ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ, Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin Olóòtú, sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nílé ìdáná. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ẹni tó fún un lóyún ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí òkè òkun, nígbà tí ikùn ò tíì yọ dáadáa.

Ẹni yẹn gan-an ni Olóòtú ń rò. Ọmọ yìí ní bàbá. Ẹnjiníà ni. Ó ń fi aṣọ àti bàtà ránṣẹ́, ó sì máa ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tí àmì ìdánudúró wà níbi tó yẹ kó wà. Láyé tí àwọn èèyàn ń kọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó da ẹ̀wà sílẹ̀, Olóòtú ka ìyẹn sí ìwà ọmọlúàbí. Pé kò tíì fojú kan ọmọ náà rí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Iṣẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jáde láti inú yàrá, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń di okùn bàtà.

"Màmá, ẹ má gbàgbé pé òní ni."

"Òní ni kí ni?" Ó mọ̀ dáadáa.

"Màmá."

"Mo ní òní ni kí ni?"

Nọ́ọ̀sì dúró ṣánṣán. "Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba Káfíńtà ní ìlú kejì fẹ́ gbọ́ èsì rẹ̀ lọ́la. Bí ẹ bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ọkọ mi, kò ní lọ, ilé yìí ni gbogbo wa á jọ wà. Bí ẹ bá ní rárá, ó ń lọ, èmi àti ọmọ á sì bá a lọ. Mi ò ní sá lọ bí olè. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ wò mí lójú, kí ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́."

"Ọmọ yìí ní bàbá."

"Mo mọ̀, Màmá. Èmi ni mo bí i."

Òòlù ti dákẹ́ lábẹ́ síǹkì. Olóòtú kọjú síbẹ̀. "Ìwọ náà, ta ló ní kí o dákẹ́? Kan ìṣó rẹ!"

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í ró padà, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì ò mọ̀ ni pé Olóòtú ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun lánàá. Ó ní kí Ẹnjiníà pe àwọn ní ìrọ̀lẹ́ òní, kó pè lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, nígbà tí gbogbo ilé bá jókòó. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọ bá rí bàbá rẹ̀, tí bàbá rí ọmọ, tí Nọ́ọ̀sì sì rí àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ káfíńtà á yanjú fúnra rẹ̀.

Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó fi báírò pupa rẹ̀ sínú àpò, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ibi iṣẹ́ náà, ilé oníyàrá méjì ni. Yàrá kìíní kún fún dúrọ́ọ̀, dúrọ́ọ̀ kún fún káàdì, káàdì kọ̀ọ̀kan sì ru ọ̀rọ̀ kan àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀-èdè ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́ débi pé àwọn kan tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà A ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó dé B. Òfin ibẹ̀ ni pé ojú-ewé kankan ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé láìjẹ́ pé èèyàn méjì fọwọ́ sí i: ẹni tó kọ ọ́, àti Alága.

Alága ti fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà B, àfi ojú-ewé kan. Ojú-ewé tí "bàbá" wà.

Atẹ̀wé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fáìlì lé itan. "Màmá Báírò Pupa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀rọ ti gbóná, iṣẹ́ ni ò sí."

"Lọ pa á."

"Bí mo bá pa á, ọjọ́ mìíràn ni á tó gbóná."

Olóòtú wọlé tọ Alága lọ. Alága, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, arúgbó gbọọrọ tó ń to pẹ́ńsùlù sórí tábìlì bí ẹni tó to ọmọ ilé ìwé sórí ìlà. Ojú-ewé náà wà níwájú rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ orísun ọ̀rọ̀, ó ti fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ pé: *Èdè wa ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ayé ti yá a.*

"Ẹ kú iṣẹ́, Alága. A ti jà lórí gbólóhùn yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"A ò jà. O pariwo, mo dákẹ́."

"Ẹ dákẹ́, ẹ tún lọ kọ ọ́ padà."

"Ṣe bí òtítọ́ ni." Ó gbé ìka sókè. "Àwọn Tọ́kì, kí ni wọ́n ń pe bàbá wọn? Bàbá. Àwọn tó ń sọ Swahili ńkọ́? Bàbá. Ṣáínà, ibi tí oòrùn ti ń là, bàbá! Ṣé gbogbo wọn kàn jọ lá àlá kan náà ni?"

Olóòtú fa àga, ó jókòó. Orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. "Alága, ará Ṣáínà wo ló wá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa? Ọ̀nà wo ló gbà wá? Ta ló rí i nígbà tó ń gbé e lọ?"

"Ọ̀rọ̀ ò nílò ọkọ̀."

"Ó nílò ẹnu. Ẹnu sì nílò ẹsẹ̀." Ó fi báírò gbá tábìlì. "Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ẹni tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní bàbá? Ìyá àgbà ni."

"Obìnrin?"

"Obìnrin arúgbó tó so ìborùn mọ́rí. Àwọn ará Jọ́jíà ńkọ́, àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Kọ́kásù? Màmá ni wọ́n ń pe bàbá wọn."

Atẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ta wá ni wọ́n ń pe ìyá?"

"Déédà."

"Ayé ti bàjẹ́," ni Alága wí, ó sì yọ awò ojú rẹ̀.

"Ayé ò bàjẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, kí n má tún un sọ mọ́." Olóòtú tẹ̀ síwájú. Nǹkan tó sú u jù ni kí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ọmọ tí ò tíì ní eyín, kí ló lè fẹnu rẹ̀ ṣe? Ètè á pàdé, ètè á yà. Bí ohùn bá gba àárín wọn jáde, *ba* ló máa dún, tàbí *ma*, tàbí *pa*. Kò síbi tí wọ́n ti ń bímọ tí ọmọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ètè ṣeré ni. Àgbà tó wà nítòsí ló gbọ́ ọ, tó ní, 'Háà, èmi ló ń pè!' Níbì kan, bàbá ló wà nítòsí. Níbòmíràn, ìyá àgbà ni. Ìdí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi wà níbi gbogbo nìyẹn. Kò sẹ́ni tó yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Alága mú pẹ́ńsùlù kan, ó tún un tò.

"Nítorí náà, olè ni gbogbo wa," ló wí nígbà tó yá. "Àwa àgbà la jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ."

"Bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i."

"O mọ̀ pé mi ò bímọ."

Olóòtú ò mọ ibi tó fẹ́ gbójú sí. Ó mọ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ níbi iṣẹ́ náà. "Alága, kí nìyẹn bá ojú-ewé yìí ṣe?"

"Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ di tíṣà, ọmọ kékeré kan fẹ́ pè mí ní tíṣà, ó pè mí ní Bàbá. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ wọnú tábìlì lọ. Mo lè sọ fún un pé èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀. Mo kàn ní, 'Kí ló dé, ọmọ mi?' Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá ni mò ń jẹ́." Ó fi awò ojú rẹ̀ sójú padà. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe èèyàn látàárọ̀ ọjọ́, ó yẹ kí èèyàn mọ ilé rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ó kàn ń rìn gbéregbère."

Ohun tí Olóòtú ò fẹ́ nìyí. Káàdì ò ní ààyè fún ẹ̀dùn ọkàn. Èèyàn á jókòó láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti wá, ọ̀sán á sì pọ́n. Ó fi báírò pupa fa ìlà gba orí gbólóhùn Alága kọjá, ó kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó yí ìwé padà sí i.

Alága kà á. Ó mú báírò tirẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Níbí yìí. 'Ọmọ kò pe ẹnikẹ́ni.' Ṣé o bi ọmọ léèrè ni?"

"Alága!"

"Mo ní ṣé o bi í? Kọ ọ́ pé a kò mọ ẹni tí ọmọ ń pè."

"Gbólóhùn yẹn ò sọ nǹkan kan!"

"Ó sọ pé a ò mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lẹ́nu ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀."

"Màmá, ẹ dákun," ni Atẹ̀wé wí, "ẹ kọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rọ ń gbóná lásán."

Olóòtú kọ ọ́. Ó tẹ báírò mọ́ ìwé débi pé ojú ìwé fẹ́ẹ̀ lu. *A kò mọ ẹni tí ọmọ ń pè.* Alága fọwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, Atẹ̀wé sì já ojú-ewé náà gbà kí wọ́n tó tún rí nǹkan mìíràn jà lé lórí. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ òní já sí gbólóhùn kan tí kò mọ nǹkan kan.

Ìbínú yẹn ló gbé bọ̀ wálé. Ó gba ọmọ padà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó wẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí àga rẹ̀ nídìí tábìlì, ó gbé fóònù ti ìgò omi. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń bọ́ bàtà, nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ni. Ó ti fárí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, ìlà ayọ́ọ̀nù ṣì wà lápá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Mo wá gbọ́ èsì."

"Dúró síta ná. A ní àlejò."

Ó yọjú wo inú ilé. "Àlejò dà, Mà?"

"Ó wà nínú fóònù."

Káfíńtà wò ó, ó wo fóònù. "Ó dáa, Mà," ló wí, ó sì padà sẹ́yìn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olóòtú ti ilẹ̀kùn.

"Màmá," ni Nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "ẹ̀yin lẹ ní kó pè?"

"Bàbá ọmọ ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́."

Fóònù dún. Ojú Ẹnjiníà yọ, ó dé akoto pupa, atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rín rẹ̀ ò ní ẹ̀tàn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mà. Ẹ ṣé, Mà. Háà, òun nìyí? Ó mà ti tóbi o! Ó mà jọ mí!"

"Bí èéfín ṣe ń jọ iná," ni Nọ́ọ̀sì kùn sínú.

"Dákẹ́," ni Olóòtú wí.

"Sọ pé Bàbá," ni Ẹnjiníà ń wí. "Ó yá, ọmọ mi. Bàbá ni mí. Bàbá."

Ọmọ náà wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹja nínú omi. Ó fi ìka kan ihò imú rẹ̀ lójú fóònù. Lẹ́yìn náà ni ètè pàdé, ètè yà.

"Ba-ba."

Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. Olóòtú jókòó tààrà, ó wo ọmọbìnrin rẹ̀: ṣé o rí i? Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ méjèèjì sáyà, ó gbé ojú sí ògiri.

Ẹnìkan pariwo orúkọ Ẹnjiníà láti ọ̀nà jíjìn, ní èdè ibẹ̀. Kíá ló dáhùn. "Ẹ dákun, Mà, wọ́n ń pè mí. Mò ń bọ̀ báyìí." Ó fi fóònù rẹ̀ lélẹ̀. Ojú rẹ̀ kúrò, ó ku sánmà àti irin gígùn kan.

Ọmọ náà wo sánmà. "Ba-ba?"

Sánmà ò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà dúró. Ní àárọ̀, bó bá ti pe nǹkan tán, ó ti gba òmíràn lọ. Nísinsìnyí ó dúró, ó ń retí, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ba-ba?" ló tún wí. Ètè ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Olóòtú fẹ́ sọ pé ó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ò gbé ọwọ́ kúrò láyà. Ó ń wo ìyá rẹ̀ báyìí.

"Ba-ba!" Igbe ti wọ̀ ọ́ tán.

"Mo ń gbọ́ o, ọ̀gá mi!"

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni. Wọ́n gbọ́ bí ẹnìkan ṣe fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. "Ẹ má bínú, Mà," ni ohùn náà tún wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ó já lẹ́nu mi ni."

Ọmọ náà ti yí gbogbo ara sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ojú Ẹnjiníà padà sínú fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo ti dé, Mà. Kí ló wí?"

"Ó pe bàbá rẹ̀," ni Olóòtú wí.

"Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ń gbọ́ o!"

"Wọ́n ti dá a lóhùn." Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, torí ọkùnrin náà ò ṣẹ̀ ẹ́. "Padà sídìí iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Máa pè wá ní ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kó mọ ojú rẹ."

Ó pa fóònù, ó dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn. Káfíńtà dúró gbagidi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn, bí ọmọ ilé ìwé tó fọ́ fèrèsé.

"Kí lo dúró síta ṣe? Oúnjẹ ń tutù."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró, Mà."

"Mo wá ní kí o wọlé. Ṣé mo tún fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ni?"

Ó wọlé. Ọmọ náà ti ń nà sí i kó tó dé ìdí tábìlì.

Nọ́ọ̀sì ò kúrò níbi tó wà. "Màmá, ẹ ò tíì sọ èsì o."

"Mo ti sọ ọ́. Ta ló ní kí o máa fi etí gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀? Ẹ sọ fún wọn ní ìlú kejì kí wọ́n wá káfíńtà mìíràn. Gbé abọ́ mìíràn wá, kí o yéé dúró sójú kan."

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ojú, ó sáré wọ ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ níbẹ̀, àfi bí ẹkún.

Olóòtú bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, ojú rẹ̀ le koko, inú ń bí i sí àìmọye nǹkan: sí ọbẹ̀ tó ti tutù, sí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀ dáadáa, sí Alága. Ohùn tó wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ohùn yẹn, gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé nígbà tí ọmọ náà pè lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn rárá, ojú òun fúnra rẹ̀ ti kúrò lára fóònù. Ilẹ̀kùn ló ń wò.